Bátìrì sólà tí mo rí lórí Instagram: báwo lẹ ṣe ń yẹ ẹni tó ń tà á wò kẹ́ ẹ tó sanwó?

IyaOnikopi_SouthGate

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ọmọ Olóyèmẹkùn àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń gbé Àkúrẹ́ bíi tèmi. Ìbéèrè ni mo ní, ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní South Gate FUTA, kọ́pì, táìpù, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe rẹjisitrésàn, àwọn tó fẹ́ dè project. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ ló ń jẹ èrè mi tán, owó tó bá wọlé láàárọ̀ epo á ti gbà á kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi wá ní ká kúkú ra ínfátà 1.5kVA pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tówó bá tún wọlé ká wá fi páńẹ́lì sólà kún un.

Mo rí pẹ́èjì kan lórí Instagram, Èkó ni wọ́n láwọn wà, fọ́lówà wọn ò kéré rárá, fídíò wọn mọ́ lójú, àwọn ọmọkùnrin tó wọ T-shirt kan náà ń gbé bátìrì sínú ọkọ̀. Bátìrì 24V 100Ah tí àwọn tó wà lọ́nà Ọba Adésídà ń dá owó gọbọi lé, tàwọn yìí fi ohun tó lé ní ₦150,000 dín sí i. Mo wo YouTube, gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa bátìrì yẹn ló yìn ín. Àmọ́ wọ́n ní kí n san gbogbo owó kí wọ́n tó gbé e sí páàkì, pé àwọn kì í ṣe pay on delivery fẹ́ni tí ò sí l'Ékòó, pé ẹ̀dínwó yẹn ò ní kọjá Fúráìdé. Àkáǹtì tí wọ́n sì fún mi, orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti kọ́ḿpìnnì. Mo bi wọ́n, wọ́n ní orúkọ MD àwọn ni.

Ọkọ mi ní ká sanwó, ọkàn tèmi ò tíì gbà á. Kí lẹ máa ń ṣe kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sẹ́ni tẹ́ ò mọ̀ rí? Ibo gan-an lẹ máa ń wò?

AgbaTisa_Ijapo

Ìyá oníkọ́pì, ẹ má sanwó yẹn. Ẹ̀dínwó tó máa parí ní Fúráìdé, ẹ jẹ́ kó parí. Ṣé àwọn ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀ níbí ti wọlẹ̀ ni? Ẹni tí mo bá ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ nílùú yìí, tí nǹkan ọ̀hún bá kọṣẹ́, ṣe ni màá gbé e lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kí àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ máa wò mí. Ta lẹ fẹ́ lọ jókòó tì l'Ékòó?

WaleOnisola

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, Oǹdó Road níbí ni mo wà, mi ò sì ní torí pé èmi náà ń tà á kí n wá ní gbogbo ẹni tó ń tà á lórí fóònù ni gbájúẹ̀, irọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọjà tí mò ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn ará Alábà tí mi ò fojú rí rí ni mo ti ń rà wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀ nìyí ma: àwọn tó ń yin bátìrì yẹn lórí YouTube, bátìrì ni wọ́n yìn, wọn ò yin ẹni tó fẹ́ tà á fún yín. Bátìrì lè dáa dé ibi tó bá dáa dé, kí ẹni yẹn má ní in nílẹ̀ rárá, tàbí kó jẹ́ ayédèrú tí wọ́n lẹ orúkọ yẹn mọ́ lára ló ní. Méjèèjì lẹ máa yẹ̀ wò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bátìrì, ẹni tó mọ ti Instagram á sọ tiẹ̀. Ẹ lọ sí sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, ẹ wa PDF tí wọ́n ń pè ní datasheet, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ weight sí. Lítíọ́ọ̀mù tí à ń lò fún sólà, LiFePO4 ni, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2V, mẹ́jọ ni wọ́n máa ń so pọ̀ kó tó di 25.6V tí gbogbo ayé ń pè ní 24V. Ẹ fi 25.6 ṣe ìlọ́po 100Ah, 2,560Wh nìyẹn, ìyẹn gbogbo iná tó lè gbà sínú. Èyí tó bá pé, kílò 20 sí 25 ló sábà máa ń wọ̀n. Tí wọ́n bá gbé èyí tó wọn kílò 11 fún yín tí wọ́n kọ 100Ah sí i lára, nǹkan inú ẹ̀ ò pé, kò sí àdúrà tẹ́ ẹ máa gbà sí i. Bí ti tubular olómi náà ṣe rí nìyẹn, 12V 220Ah tó jẹ́ ojúlówó ń lọ sí bíi kílò 60, tí ọmọ iṣẹ́ kan bá dá gbé e tó sì ń sáré, ẹ bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n fún yín, kí wọ́n kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ yẹn sórí pépà kí wọ́n fi tì í, kí wọ́n wá pè yín lórí fídíò. Kì í ṣe fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ o, kí wọ́n pè yín. Kẹ́ ẹ rí serial number tó wà lára bátìrì àti èyí tó wà lára páálí ẹ̀, kí méjèèjì bára mu. Ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ á ṣe é, ó kàn lè máa kùn ni. Ẹni tí ò ní in, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ò ní dáa lọ́jọ́ yẹn.

Kí n tó gbàgbé, ẹ ò sọ irú ẹ̀rọ kọ́pì tẹ́ ẹ ń lò. Ṣé laser ni àbí inkjet? Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi.

KunleNorthGate

Mo bá bọ̀dá Wale lọ lórí yíya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ n mú ti ẹni tó ń tà á, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àǹtí, ibi tí owó ń lọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yẹn sínú áàpù báńkì yín, orúkọ á jáde kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ dá dúró níbẹ̀, ẹ má kánjú kọjá orúkọ yẹn. Àwọn oníṣòwò kéékèèké máa ń gba owó sí àkáǹtì ara wọn lóòótọ́, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó láwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ T-shirt kan náà, tó ń ta bátìrì lítíọ́ọ̀mù káàkiri Nàìjíríà, kí ló dé tí kọ́ḿpìnnì ẹ̀ ò ní àkáǹtì? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ àti nọ́ńbà RC (ti kọ́ḿpìnnì) tàbí BN (ti orúkọ òwò) wọn, kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní public search ti CAC, àjọ tó ń forúkọ iṣẹ́ òwò sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ àti bóyá active ni àbí inactive. Inactive ò sọ wọ́n di olè o, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn ò fi annual returns wọn, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún, ránṣẹ́ ni, active náà ò sì sọ wọ́n di èèyàn gidi, ta ni ò lè forúkọ sílẹ̀? Èmi, ohun tí mo máa ń wá níbẹ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Bí wọ́n bá kọ "since 2012" sí pẹ́èjì tí CAC ní ọdún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó tán.

Ẹ wá padà sórí Instagram. Ẹ tẹ orúkọ wọn tó wà lókè pẹ́èjì, ẹ ó rí About this account. Oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣí àkáǹtì yẹn ń bẹ níbẹ̀, orílẹ̀-èdè tó wà ń bẹ níbẹ̀, tí wọ́n bá sì ti yí orúkọ padà rí ẹ ó rí i. Facebook náà ní tiẹ̀, Page transparency ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ tí wọ́n dá pẹ́èjì sílẹ̀, orúkọ tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, orílẹ̀-èdè táwọn tó ń darí ẹ̀ wà. Láti 2018 ni nǹkan wọ̀nyí ti wà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń rẹ́ni tí ò tẹ̀ ẹ́ wò rí. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé pẹ́èjì ṣeé rà bí ẹni ra mọ́tò tòkunbọ̀. Ẹnìkan á ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé àwàdà síbẹ̀, fọ́lówà á ti pọ̀, á wá tà á, ẹni tó rà á á pa gbogbo fótò àtijọ́ rẹ́, á sọ ara ẹ̀ di oníbátìrì. Fọ́lówà tẹ́ ẹ rí yẹn, àwàdà ni wọ́n tẹ̀ lé wá, wọn ò ra bátìrì kankan.

Tẹ́ ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ fótò wọn. Ṣé wọ́n ti kọ́mẹ́ǹtì pa? Kí ló fà á tí ẹni tó ń tajà ò fẹ́ kí kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀? Ẹ wo ibi táwọn ẹlòmíì ti tag wọn, torí ohun tí wọ́n fúnra wọn gbé síta, ohun tó wù wọ́n ni. Ẹ mú fótò wéáhaùsì wọn sínú Google Lens, tó bá jẹ́ fótò tí wọ́n jí ni, Lens á sábà gbé ibi tí wọ́n ti mú un jáde. Ẹ mú nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ fi wá nǹkan ní Google àti Facebook, ẹ kọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, ẹ tún kọ ọ́ pẹ̀lú +234, torí ìgbà míì ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì ti kọ nọ́ńbà yẹn síbì kan ní Nairaland tàbí X. Tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ wọn, ẹ fi "scam" kún un. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé wọ́n mọ́ o, orúkọ tuntun ò tíì ní ẹjọ́ ni.

Ti rìfíù, èmi kì í ka oníràwọ̀ márùn-ún mọ́. Mo máa ń lọ tààrà sí oníràwọ̀ méjì àti mẹ́ta, torí ibẹ̀ lẹ máa ti rẹ́ni tó rà á lóòótọ́, á sọ pé ó dáa ṣùgbọ́n ọjọ́ báyìí ló tó dé, pé wọ́n bú òun nígbà tóun pè wọ́n. Ẹni tó ń parọ́ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀. Lórí Google Maps ẹ tẹ orúkọ ẹni tó kọ rìfíù, ẹ wo ibòmíì tó ti kọ nǹkan sí, tó bá jẹ́ pé lọ́sẹ̀ kan náà ló yin ilé ìtura ní Ábújá, dókítà eyín ní Íńdíà àti oníbátìrì yín, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe wàhálà Nàìjíríà nìkan náà, Amẹ́ríkà gan-an, ní 2024 ni FTC, àjọ wọn tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣòfin tó ka títa àti ríra ayédèrú rìfíù léèwọ̀, kí ẹ lè mọ bó ṣe gbilẹ̀ tó.

AdunniOkirika_Ondo

Ẹ jẹ́ kí àwa tá à ń tajà sọ tiwa náà o, kẹ́ ẹ má sọ gbogbo wa di olè. Láti Oǹdó níbí ni mo ti ń ta bàtà àti báàgì òkìríkà, Facebook àti WhatsApp ni ọjà mi. Èmi gan-an kì í ṣe pay on delivery mọ́. Ẹ á gbé ọjà lọ Ìkàrẹ́, kọ́sítọ́mà tó ní òun fẹ́ á pa fóònù, ẹ ó san wéébìlì àlọ ẹ ó san ti àbọ̀, bàtà á padà wá pẹ̀lú páálí tó ti ya. Torí náà pé wọ́n ní kí Ìyá oníkọ́pì kọ́kọ́ sanwó, ìyẹn nìkan kọ́ ló máa jẹ́ kí n sá.

Ohun tó máa jẹ́ kí n sá ni tí wọ́n bá kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wá wo ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Bátìrì kì í ṣe bàtà, owó ńlá ni. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n l'Ékòó, pé á wá sanwó lójú ẹsẹ̀ á gbé e lọ sí páàkì fúnra ẹ̀. Bí ẹ ò tiẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kankan l'Ékòó, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù á ní kó máa bọ̀ kíá, ṣebí ìdùnnú ẹ̀ ni. Àwọn tẹ̀hún á ní ọ́fíìsì àwọn kì í gba àlejò, pé online nìkan làwọn.

Ti screenshot WhatsApp tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí, "ẹ ṣé gan-an mo ti rí ọjà mi gbà, Ọlọ́run á bùkún yín", ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lára. Áàpù wà tó ń ṣe é láti òkè délẹ̀, àwọn míì ò tiẹ̀ wá áàpù, fóònù méjì ni wọ́n ń mú lọ́wọ́, wọ́n á fi ọ̀kan kọ̀wé sí ìkejì.

Ohun míì, "no refund no return" tí wọ́n ń kọ káàkiri, tiwọn nìyẹn, kì í ṣe òfin. Òfin FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà tó bá ní àléébù tàbí tí kò bá ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe mu, ẹ sì lè fẹjọ́ sùn lórí sáìtì àjọ náà láìkúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ́ni pè lẹ́jọ́ o. Orúkọ tó dájú, àdírẹ́ẹ̀sì, rìsíìtì, ẹ gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èmi máa ń kọ rìsíìtì fún ẹni tó ra bàtà kan ṣoṣo.

AgbaTisa_Ijapo

Gbogbo òògùn yìí nítorí bátìrì kan. Mo ní kẹ́ ẹ lọ Arákalẹ̀.

KunleNorthGate

Ẹ̀gbọ́n, Arákalẹ̀ náà ò bọ́ lọ́wọ́ ayédèrú o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ó rẹ́ni bá jà.

AgbaTisa_Ijapo

Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Ẹni bá jà ni mò ń rà, bátìrì ni wọ́n fi ń ta mí lọ́rẹ.

IyaOnikopi_SouthGate

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á má jẹ́ kẹ́ ẹ rí àdánù. Tíṣà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló bá mi tẹ̀ ẹ́.

About this account: 2019 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ti yí orúkọ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀kan nínú orúkọ àtijọ́ ní "hair" nínú, wíìgì ni wọ́n ń tà nígbà yẹn. Fótò wéáhaùsì tó jẹ́ kí ọkọ mi gbà wọ́n gbọ́, ìyẹn èyí tí bátìrì tò sí dé òrùlé, Lens gbé e dé sáìtì ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, fótò kan náà, kódà ọkùnrin tó dúró lápá òsì wà níbẹ̀. CAC wọn ló dà mí lójú rú, wọ́n fi sátífíkéètì ránṣẹ́, orúkọ yẹn wà lóòótọ́, active ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo wá ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n fún mi. Wọ́n ní ṣé ẹja ni mo fẹ́ rà ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ọ̀jọ́ á wá gbé e, láti ìgbà yẹn wọn ò tíì dáhùn, wọ́n kàn tún gbé "remaining 2 pieces" síta lórí status.

Bọ̀dá Wale, laser ni o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀: 220–240V, 50/60Hz, 5.8A.

KunleNorthGate

Àǹtí, ti CAC yẹn, sátífíkéètì ò sọ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ni ín. Fótò lásán ni, wọ́n lè mú un lára ògiri ọ́fíìsì ẹlòmíì. Ẹ wa nọ́ńbà kọ́ḿpìnnì tó ni orúkọ yẹn níbòmíì, bóyá lórí sáìtì wọn tàbí Google Maps, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá pẹ́èjì yẹn jẹ́ tiwọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn gan-an ò mọ̀ pé wọ́n ń fi orúkọ àwọn gbowó. Kẹ́ ẹ sì ríport pẹ́èjì yẹn fún Instagram, ó lè má ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́.

WaleOnisola

"Ṣé ẹja ni" ke! Ẹ má dá wọn lóhùn mọ́ ma.

5.8A ní 220V, ó ń lọ sí 1,276W. Ibi gíga jù tó lè fà dé nìyẹn o, nígbà tó bá ń gbóná kó tó tẹ pépà jáde, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ínfátà 1.5kVA tí ọkọ yín ń wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbé ju 1,200W lọ, ẹ wá fi láptọ́ọ̀pù àti gílóòbù àti fáànù kún un, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan kọ́pì lá máa ké, á sì kú lójú kọ́sítọ́mà. Ká tiẹ̀ ní ojúlówó bátìrì ni wọ́n tà fún yín, á ṣì ṣe yín bẹ́ẹ̀. Bíi 3kVA ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá sì ń tẹ pépà láìdúró tó ń fa gbogbo iná yẹn, 2,560Wh ò ní gbà yín ju bíi wákàtí méjì lọ, kó tiẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo máa ń sọ fáwọn oníkọ́pì tó wà ní South Gate ni kí wọ́n wá inkjet olótáńkì kan kún un, kì í sábà fa ju bíi 30W lọ, kẹ́ ẹ fi ṣe iṣẹ́ kéékèèké lórí ínfátà, kẹ́ ẹ wá kó iṣẹ́ project ńláńlá jọ fún ìgbà tí iná bá dé tàbí tẹ́ ẹ bá tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ń tàn ní ṣọ́ọ̀bù àti iye wákàtí tẹ́ ẹ ń lò ó síbí, a ó jọ ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì wá rà á níbikíbi, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ yá òṣùwọ̀n dání.

IyaOnikopi_SouthGate

Mo ti bá ìyá oníresì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n wá gbé òṣùwọ̀n tiẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má fi bátìrì ba ojú ẹ̀ jẹ́. Láptọ́ọ̀pù méjì, fáànù kan tó ń dúró nílẹ̀, gílóòbù LED mẹ́ta, ẹ̀rọ Wi-Fi, ẹ̀rọ tí mo fi ń laminate. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

WaleOnisola

Ẹ̀rọ laminate yẹn náà, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta ma. Iná tó ń gbóná ni tiẹ̀.